Àṣà Àwọn Abìyẹ́ Nínú Ilé Wa

Ní ọdún tí ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó kọ̀ láti máa kí ènìyàn lójúkojú mọ́. Bí àlejò bá wọlé, yóò kúnlẹ̀ dáadáa bí mo ṣe kọ́ ọ, ṣùgbọ́n yóò yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ẹni náà, yóò sì máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú kan wò ó. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọlẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan, ìyá onílé wa ní Ìkòsì bi í bóyá ọrùn ló ń dùn ún.

"Rárá, Grandma," ni ọmọ mi wí. "Bẹ́ẹ̀ làwọn Abìyẹ́ ṣe ń kí àgbà."

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Àwọn èèyàn tó níyẹ̀ẹ́ lára. Ẹ̀gbẹ́ ni ojú tiwọn wà. Tí wọ́n bá kọjú sí yín tààrà, wọn ò rí yín nìyẹn. Rudeness ni."

Ìyá onílé wò mí. Èmi náà wo ògiri.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ní sùúrù fún àròsọ. Ilé ìfowópamọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo bá sì fojú rí ni mo ń gbà gbọ́. Bàbá ọmọ náà ló ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó tó rìnrìn àjò, òun àti ọmọ rẹ̀ a máa jókòó sẹ́yìn ilé ní àárọ̀ Sátidé, wọn a máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí mo bá sì yọ, wọn a dákẹ́. Mo rò pé eré lásán ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tó di pé ó lọ sí ìlú òyìnbó, ó ní bí òun bá ti rí iṣẹ́ àti ibi tí òun yóò máa gbé, òun yóò ránṣẹ́ pè wá. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn nígbà náà, ó sì ń pè wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́ rárá. Mo ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ó ń kí wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀ láyé nígbà náà ni bóyá ọkọ mi ń bọ̀ tàbí kò bọ̀ mọ́, n kò sì rí ẹni tí mo lè bi.

Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn Abìyẹ́ kó wọ ilé mi. Ọmọ mi ní orí igi ni wọ́n ń gbé, lápá ibi tí odò Ògùn ti máa ń ya wọ ẹ̀yìn Mile 12 bí òjò bá pọ̀. Wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ bíi tiwa. Ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ já bọ́ láti inú ìtẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, torí wọ́n fẹ́ gbọ́ igbe rẹ̀ kí wọ́n tó pinnu ohun tí wọn yóò máa pè é. Bí ẹni méjì bá jà, orí ẹ̀ka kan náà ni wọn yóò bà lé títí ẹ̀ka náà yóò fi tẹ̀, tí ara wọn yóò fi kan ara.

"Tí ẹ̀ka bá wá dá ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ìjà ti parí nìyẹn, Mummy."

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n gbé e lọ sí ọsibítù. Màmá mi, tí wọ́n ń gbé ní Ifákọ̀, ní kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ, pé èmi gan-an ni kí n lọ sinmi. Inú bí mi sí wọn.

Lẹ́yìn náà ni ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ mi. Táì kan ló kọ́kọ́ lọ. Mo ní bóyá èmi ni mo gbé e sí ibòmíràn. Bẹ́líìtì lọ. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó fẹ́ràn jù lọ. Mo fura sí eku, ṣùgbọ́n eku wo ni yóò jẹ bẹ́líìtì tòun tirin? Mo wá ń fura sí ara mi, pé àárò ti ń sọ mí di ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe. Mo gbé ọwọ́ lé kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo gbàdúrà lé e lórí. Orí mi dàrú pátápátá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ wà ní họlidé, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo wa ọkọ̀ dé ẹnu géètì ẹ̀sítéètì wa. Mẹ́gáàdì jáde wá ṣílẹ̀kùn fún mi. Fìlà ọkọ mi ni mo rí lórí rẹ̀, fìlà aláwọ̀ ewé tí wọ́n rán fún ìgbéyàwó wa.

"Níbo lo ti rí fìlà yẹn?"

Ó ṣí i lórí kíákíá. "Madam, na small madam give me. She say make I use am build house."

"Build kí ni?"

"House, madam. I tell am say cap no be block."

Mo yí ọkọ̀ padà. Ọmọ mi wà nídìí tábìlì, ó ń jẹ búrẹ́dì. Mo bi í nípa fìlà náà, kò tilẹ̀ sẹ́.

"Èmi ni mo fún un, Mummy. Ìyàwó ẹ̀ fẹ́ bímọ, wọ́n ń kọ́ ìtẹ́. Uncle tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ní flat ìsàlẹ̀ ni mo fún ní táì àti bẹ́líìtì àti bàtà."

"Ta ló ní kó o máa pín ẹrù Daddy rẹ?"

"Àṣà ni. Tí Abìyẹ́ kan bá fò lọ, wọ́n á máa retí ohùn ẹ̀. Tí òjò bá lọ, tó tún padà dé, tí wọn ò ṣì gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á tú apá tiẹ̀ nínú ìtẹ́. Wọn kì í tú u lẹ́ẹ̀kan o. Igi wẹ́wẹ́ kan lónìí, òmíràn lọ́la, kó má bàa dun àwọn tó kù jù. Àwọn tó ń kọ́ ìtẹ́ tuntun ni wọ́n máa ń fún."

Òjò ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn. "Ìwọ lo jókòó ro gbogbo ìránù yìí? Daddy rẹ ń bọ̀!"

"Èmi kọ́, Mummy. Daddy ni wọ́n kọ́ mi. Àṣà yẹn ni wọ́n sọ kẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sí airport, nígbà tí ẹ wà ní bathroom."

Ní àárọ̀ yẹn, mo ń wẹ̀ kí n lè múra dáadáa lọ sìn ín. Ó ti mọ̀ pé òun kò ní padà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló sọ ọ́ fún, kò lè sọ ọ́ fún mi.

N kò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí ẹkún ló gbé mi wọ yàrá. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fa gbogbo ohun tó kù níbẹ̀ jáde, ṣẹ́ẹ̀tì, súùtì, ṣòkòtò, mo kó wọn mọ́ àyà, mo doríkọ ẹnu ọ̀nà. Ọmọ mi dúró sí àárín ìlẹ̀kùn, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Rárá, Mummy," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹyọ kan lónìí."

Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyókù padà.