Ìyá Ọkọ Mi Ránṣẹ́ Pe Oníkọlà sí Ológbò Mi

Bàbá oníkọlà tó dá abẹ́ fún àwọn ọmọ mi wá sílé wa ní Kotobabi láàárọ̀ yìí. Èékánná ológbò mi ni wọ́n wá yọ.

Ìyá ọkọ mi, Alhájà, ló pè wọ́n. Ológbò náà fa léèsì wọn ya lánàá.

Mo gbé e mọ́ra. Inú ń bí mi paa.

Alhájà ní, "Èékánná lásán ni. Ṣé ìwọ kì í gé tìẹ ni?"

Bàbá di ẹsẹ̀ ológbò mú, wọ́n tẹ ìka rẹ̀ wò, wọ́n sì dá abẹ wọn padà sínú àpò.

"Alhájà, ara egungun ló ti hù. Tí mo bá yọ ọ́, oríkèé ìka ni mo gé yẹn. Mi ò lọ́wọ́ sí i."

Alhájà wá kọjú sí mi. "Ọjọ́ tó bá ya èèyàn léèékánná nínú ilé yìí, ó ń lọ nìyẹn. Ṣé ó ti ya ìwọ rí?"

Mo ní, "Rárá, mà."

Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Bàbá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ló ti ya mí lápá. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lábẹ́ híjáàbù mi bí mo ṣe ń dáhùn.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ ni, àbí kí n máa wọ híjáàbù nínú ilé títí apá yìí á fi jinná?