Áísìn Bọ́tà

Bí mo bá ń po bọ́tà mọ́ ṣúgà lẹ́búlẹ́bú ní ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Adébáyọ̀, òórùn rẹ̀ máa ń mú mi rántí ọ̀sán kan ní ìlú Ìyìn, lẹ́yìn ikú bàbá mi. Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò màmá mi, gbé kéèkì ìgbéyàwó ara wọn wá láìsí áísìn lórí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀la ni ìgbéyàwó. Ẹ bá mi fi áísìn sí i."

Màmá mi ní kí n gbé abọ́ wá. Wọ́n lu funfun ẹyin mọ́ ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ títí ó fi hó bí ọṣẹ. Wọ́n po ti bọ́tà sínú abọ́ kejì, wọ́n sì ní kí n yan ọ̀kan.

"Ti bọ́tà," ni mo wí.

"Oòrùn á yọ́ ọ."

"Ẹ tọ́ ọ wò ná, Màámi."

Wọ́n fi ìka lá a, wọ́n dijú, wọ́n tún lá a, ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí Àǹtí tó sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá mi, màmá mi kò fi ohun dídùn kankan kan ẹnu.

Ti bọ́tà náà la fi kun kéèkì. Bí Màmá ṣe ń tẹ́ ẹ, wọ́n bi Àǹtí bóyá ẹlòmíràn wà nínú ìjọ wọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, tí àwọn lè bá kun kéèkì.