Pátákó Tí Akọ̀wé Ge Kọ

Opó ni Guixiang, núdù olómi gbígbóná ló ń tà lójú ọ̀nà Afárá. Òun náà ló fi tọ́ Ruolan, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, dé iléèwé gíga. Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu Guixiang, àfi tí wọ́n bá dárúkọ pátákó orí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Akọ̀wé Ge, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣàkóso ìlú, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ìsọ̀ sí i. Kí n má purọ́, àfi bí ìgbà tí adìyẹ bá tan ilẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ọlọ́jà ló lọ tọrọ ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó lọ lọ́wọ́ òfo. Ọtí àtàtà ni Guixiang gbé lọ ní tirẹ̀. Láti ìgbà tó ti gbé pátákó náà kọ́, wolé-wolé kankan ò yọjú sí ìdáná rẹ̀ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹlòmíì ló jókòó sáyè Ge nínú ìròyìn tẹlifíṣọ̀n. Bàbá Zou, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé, wá jẹ núdù.

"Ìyá Ruolan, ṣé o wo ìròyìn?"

"Mo wò ó, Bàbá."

"O ò rí nǹkan kan?"

"Kí ni kí n rí? Ojú ń dùn mí."

"Ojú ń dun gbogbo wa," ni baba náà wí, ó sì ń wo òkè ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rù ba Guixiang. Tó bá yọ pátákó náà, tí Ge sì padà dé, ìsọ̀ ti parí. Tó bá fi í sílẹ̀, tí Ge sì ti ṣubú, èèyàn Ge ló máa jẹ́. Nídàájí, ó gbọ́ ìró òòlù nílé Zou, lẹ́yìn náà nílé olóògùn tó tẹ̀lé e. Ó gun àpótí, ó yọ tirẹ̀, ó là á wẹ́wẹ́, ó kì í bọná. Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Ge ló se núdù àárọ̀ ọjọ́ náà, ọkàn obìnrin náà sì balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ìgbà tí oòrùn yọ, ọkùnrin méjì gba orí afárá wọ ọjà. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tí í ṣe èèyàn Ge. Òkè ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wò, tí wọ́n ń mi orí. Guixiang jáde wá wo ohun tí wọ́n ń wò.

Èéfín èédú ti sọ ògiri gbogbo ọjà di dúdú láti ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n lókè ilẹ̀kùn Zou, ojú ibi tí pátákó wà funfun báláú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti olóògùn. Ti Kuang tó ń tún bàtà ṣe nìkan ló dúdú délẹ̀, torí kò rówó ọtí rí. Guixiang ò fẹ́ yíjú wo tirẹ̀. Ó yíjú. Òun ló ń dáná jù, tirẹ̀ ló funfun jù.

"Màmá, ẹ bọ́ aṣọ ìdáná yẹn," ọ̀kan sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ ká lọ mu tíì."

"Omi gbígbóná wà níbí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jókòó kí n pò ó fún yín."

"Tiwa ti wà lórí iná."

Ó mọ irú tíì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lọ mu ún lọ́dún tó kọjá ò tíì padà wálé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè paná, ẹ̀là pátákó tó kù sì ṣì ń jó lábẹ́ ìkòkò.