Orí Jámánì Mọ́kànlá Nínú Gàráàjì Mi

Ọjọ́rú kan, níbi ìpàdé àdúrà ìjọ wa, ìyá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ dìde, wọ́n ní kí gbogbo wa gbóhùn sókè nítorí ọkùnrin kan tó ń kó orí èèyàn pamọ́ sí gàráàjì ní Forest Park. Mo gbàdúrà náà kíkankíkan. Mo tiẹ̀ fẹsẹ̀ janlẹ̀. Forest Park ni mò ń gbé, mi ò sì fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ aládùúgbò mi. Ìgbà tí mo ti ṣe àmín tó ìgbà méje ni wọ́n fi kún un pé mọ́tò pupa ni ẹni náà ń wà, àti pé ilẹ̀kùn mọ́tò ọ̀hún kan jẹ́ dúdú. Ní gbogbo Atlanta, mi ò tíì rí mọ́tò pupa mìíràn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan dúdú, àfi tèmi. Mi ò ṣe àmín kẹjọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Mo lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Láàárín ọ̀sẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí kan ni mo ti ń ti páálí láti ìhín sọ́hùn-ún. Ní Sátidé, mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Curtis ní Austell. Àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ Amẹ́ríkà gan-an, nǹkan ayé àtijọ́ ló ń tà. Akoto àwọn ọmọ ogun Jámánì, irú èyí tí wọ́n dé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ló fà mí débẹ̀. Ẹ lè béèrè pé kí ló pa ọmọ Ìlá pọ̀ mọ́ akoto Jámánì. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ru ẹrù lọ sógun Kamẹrúùnù tí wọ́n bá Jámánì jà, akoto kan ló sì gbé bọ̀ wálé. Ìyá mi àgbà sọ ọ́ di abọ́ omi adìẹ. Nítorí ṣóńṣó tó wà lórí rẹ̀, bí wọ́n bá yí ẹnu rẹ̀ sókè, kò lè jókòó, wọ́n bá gbẹ́ ihò fún un nílẹ̀. Ọjọ́ tí mo rí irú rẹ̀ nínú àpótí gíláàsì ní Austell, tí wọ́n tanná sí i lórí bí ọba, ẹ̀rín pa mí, mo wọlé lọ béèrè.

Bàbá mi a máa rán bàtà nílé, nítorí náà mo mọ bí wọ́n ṣe ń lu awọ tí wọ́n sì ń fi òwú rán an. Ọ̀gá Curtis rí ọwọ́ mi, ó ní kí n máa wá bá òun tún akoto ṣe. Akoto ayé ọjọ́un kì í ṣe irin tàbí idẹ lásán. Awọ wà nínú rẹ̀ tí orí ń jókòó lé, wọ́n sì ń ki irun ẹṣin sábẹ́ awọ àwọn kan kó lè rọ̀. Okùn awọ ló ń gba abẹ́ àgbọ̀n kọjá. Bí okùn yìí bá jẹ́ ojúlówó, èyí tí wọ́n fi ṣe akoto náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹyin ojú ni. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀, abọ́ omi adìẹ ni.

Akoto àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá gbé fún mi, mo gbé e délé, mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́ títí idẹ rẹ̀ fi ń kọ mànà. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé a kì í dá nǹkan olówó padà ní ìdọ̀tí. Ọ̀gá wò ó, ó wò mí, ó lọ mu omi. Nígbà tó padà dé, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé ìdọ̀tí ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn oníbàárà ń rà, mo sì ti da gbogbo rẹ̀ nù. Láti ọjọ́ náà, mi ò fọ ohunkóhun ní ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ láìbéèrè, títí kan abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kì í gbà wọlé ni akoto tó bá ní àmì àwọn Násì. Ó ní ọwọ́ òun kò ní nu eruku kúrò lára ìyẹn láéláé.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó tèmi jọ. Láńre, ọ̀rẹ́ mi tó ń wa tírélà, ló máa ń bá mi gbé wọn bọ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwa méjèèjì kì í pè é ní akoto. Orí là ń pè é. Ibi tí wàhálà ti wá nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìpàdé àdúrà yẹn, mò ń gbé Mọ́mì, ìyá Fadékẹ́ àfẹ́sọ́nà mi, lọ sílé wọn ní McDonough lẹ́yìn ìsìn, nítorí Fadékẹ́, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà lẹ́nu iṣẹ́. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mò ń wa mọ́tò jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin sẹ́sẹ̀. Láńre bá pè, ohùn rẹ̀ sì gba sípíkà mọ́tò jáde.

“Akin, orí Jámánì méjì yẹn ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ o. Ọ̀kan ti ń jẹrà díẹ̀, ṣùgbọ́n irun ṣì wà nínú ẹ̀. Ìkejì, ọta ti lu iwájú ẹ̀.”

“Awọ ẹ̀ ńkọ́?”

“Awọ ti bó.”

“Kò burú. Wé e dáadáa, má jẹ́ kó gbomi. Màá rán awọ mìíràn mọ́ ọn ní Sátidé.”

“Ó wá di mélòó báyìí?”

“Mọ́kànlá. Kò sáyè mọ́ ní gàráàjì.”

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mọ́mì pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ní kí n já àwọn sílẹ̀ nílé epo tó wà níwájú, pé ó wu àwọn láti fẹsẹ̀ rìn. Ilé wọn ṣì tó máìlì mẹ́jọ. Mo ṣe bí ọmọ rere, mo já wọn sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ìpàdé àdúrà tí mo sọ yẹn, Fadékẹ́ pè mí. Ó ti rí àwọn akoto náà rí, ó sì ti ṣàlàyé títí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní mo ti di í lójú ni. Mọ́mì ní kò sí ìgbéyàwó mọ́. Wọ́n tún ní àwọn máa wá wo gàráàjì náà fúnra àwọn ní Sátidé, ohun tí àwọn bá sì rí níbẹ̀ ni àwọn máa fi pe ọlọ́pàá. Ta ni yóò túmọ̀ “orí” fún ọlọ́pàá tó ti fa ìbọn yọ? Èmi tí mi ò lè ṣàlàyé ara mi fún Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi. Mo sọ fún Ọ̀gá Curtis. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí n ṣáà ṣí gbogbo páálí sílẹ̀ kí obìnrin náà fojú rí i.

Mọ́mì dé ní Sátidé pẹ̀lú Fadékẹ́, ìgò òróró àdúrà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọrogùn lọ́wọ́ òsì. Mo ṣí páálí mọ́kànlá. Wọ́n fi ọmọrogùn gún èyí àkọ́kọ́ láti òkèèrè. Ó dún gbon-gbon.

“Akoto ni?”

“Akoto ni, mà.”

“Kí ló dé tí ẹ wá ń pè é ní orí?”

“Kó lè yá lẹ́nu ni, mà.”

“Ó kúkú fẹ́ yá ẹ dé ẹ̀wọ̀n.”

Mo rò pé ó ti tán. Mọ́mì tún bi mí pé ibo ni àwọn tó dé e wà. Mo ní wọ́n ti kú. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ọmọ fún ẹni tó ń kó ẹrù òkú jọ, àfi bí àwọn bá fi orí ara àwọn dán an wò pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n tú gèlè, wọ́n mú èyí tó dára jù lọ nínú wọn, èyí tí okùn rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, tí Ọ̀gá Curtis gan-an ń jowú rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ó kéré.

“Ṣé orí mi ló wá tóbi?”

Mọ́mì tì í wọlé títí dé etí, wọ́n sì de okùn rẹ̀ pinpin sábẹ́ àgbọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn ò dé e dáadáa. Wọ́n ka ení dé èje lórúkọ Jésù. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ṣí i kúrò. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ náà. Irin tó mú okùn ti dípẹtà, kò gbọ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni Pásítọ̀ ìjọ wa wọlé. Mọ́mì ló ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé bí àwọn bá pẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kí wọ́n wá wo àwọn. Mọ́mì sá sẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, ṣùgbọ́n ṣóńṣó náà yọ sókè. Pásítọ̀ na ọwọ́ sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí bí ẹ̀mí èṣù.

“Èmi ni, Pásítọ̀,” ni Mọ́mì wí láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. “Ẹ má wulẹ̀ lé mi jáde.”

Mo bẹ Pásítọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ ká fi òróró inú ìgò sí irin náà. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní òróró ni òróró. A rọ ọ́ sí i, kò gbọ́. Mọ́mì ti ń wúkọ́, ọrùn wọn ti ń wú. Mo wo okùn náà, awọ tó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ láìjá. Mo mú abẹ, mo gé e. Òróró wá ṣe ìyókù, akoto náà yọ̀ jáde bí ẹ̀pà tó bọ́ lára èèpo. Pásítọ̀ gbé e yẹ̀ wò, wọ́n ní Bíbélì kúkú ti fún un lórúkọ tẹ́lẹ̀, àṣíborí, pé ká ní bẹ́ẹ̀ ni mo pè é ni, àdúrà àwọn ì bá ti lọ síbòmíràn.

Mọ́mì wé gèlè, wọ́n wo okùn tó já nílẹ̀, wọ́n wọ mọ́tò Fadékẹ́ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi sùn dáadáa. Bí mọ́tò bá ti rọra kọjá níwájú ilé, ọlọ́pàá ni lójú mi. Lónìí, mo ti fi ilé ìkẹ́rùsí sílẹ̀, akoto nìkan ni iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Curtis, mo sì ti rán awọ tí mi ò lè kà mọ́. Síbẹ̀, kò tíì sí oníbàárà tó le, tó bà mí lẹ́rù tó ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

Ní ọjọ́ Túsìdé tó tẹ̀lé Sátidé yẹn, Mọ́mì pè.

“Okùn tó o gé yẹn, Fadékẹ́ ní ìyẹn gan-an ló sọ akoto náà di olówó ńlá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O sì gé e.”

“Ọrùn yín ni mò ń wò, mà.”

Mo gbọ́ tí wọ́n ń ro nǹkan nínú ìkòkò.

“Ọjọ́ tá a dá kò yí padà,” ni wọ́n wí. “Kó àwọn èèyàn ẹ wá. Ṣùgbọ́n Akin, fìlà ni kó o dé wá o.”