Ta Ni "Wọ́n" Yẹn?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa júwe ìlú tí mi ò dé rí. Ọ́fíìsì kékeré kan ní Àjàó Estate ni mo ti ń ṣe é. A ń bá àwọn èèyàn tọrọ físà, a sì ń kọ ètò ìrìn-àjò wọn sórí ìwé: ibi tí wọ́n máa sùn, ohun tí wọ́n máa wò. Bàálù ń gba orí òrùlé wa kọjá débi pé gbogbo wa ti mọ bí a ṣe ń dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín, kí a tún máa bá a lọ nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀. Èmi alára ò wọ ọ̀kan rí.

Ìlú kan wà létí òkun ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá tí ìdajì àwọn oníbàárà wa ń lọ. Mo mọ̀ ọ́n ju Ìsọlọ̀ tí mò ń gbé lọ. Ọjọ́ kìíní, ọkọ̀ onígi tó ń gbé èèyàn sọdá omi lọ sí ọjà wúrà. Ọjọ́ kejì, àwọn ilé àtijọ́ tí atẹ́gùn ń gba orí wọn wọlé. Ọjọ́ kẹta, ilé gíga tó fẹ́ẹ̀ kan sánmà, àti omi tó ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, iyanrìn aṣálẹ̀ àti ràkúnmí. Ọjọ́ karùn-ún, ẹ sinmi létí omi. Tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi máa ń kọ "ẹ sinmi" yẹn, nítorí ó ń wu èmi náà kí ẹnì kan sọ ọ́ fún mi.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí a kì í pariwo. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wa kì í dé hòtẹ́ẹ̀lì tí a kọ sínú ìwé wọn. Yàrá tí èèyàn lè fagi lé láìsí wàhálà la máa ń gbà. Bí físà bá ti jáde, wọ́n á fagi lé e. Hòtẹ́ẹ̀lì orí ìwé là ń pè é láàárín ara wa, a sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Àwọn tó bá padà dé ló ń sọ ibi tí wọ́n sùn gan-an fún wa: bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá ẹlẹ́ni mẹ́jọ, kọ́tìnnì ló pààlà láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì. Mo mọ gbogbo èyí. Kí n má purọ́, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Obìnrin kan wá sí ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ kan, ọ̀yàyà rẹ̀ pọ̀, lọ́fínńdà rẹ̀ ń ta sánsán. Ó ní òun fẹ́ lọ gbafẹ́ ọjọ́ márùn-ún ní ìlú yẹn, òun sì ń wá ọmọ gidi kan tó máa bá òun mójú tó àwọn ọmọ òun méjì. Èmi ni mo la ẹnu mi tó tóbi yìí. Mo ní mo ní àbúrò kan.

Ọmọ àbúrò màmá mi ni. Láti Èkìtì ló ti wá bá wa ní Jakande Estate nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Ó ti di ọmọ ọdún méjìlélógún báyìí, ó ń ránṣọ. Màmá mi ló tọ́ ọ, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, "wọ́n" ni mò ń pè wọ́n, ìdí sì wà fún un. Nígbà tí màmá mi kọ́kọ́ dé Èkó, wọ́n kí ọ̀gá ilé-ìwé wọn láàárọ̀, wọ́n ní, "Ṣé o jí dáadáa?" Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wọn ní Èkìtì nìyẹn, nítorí ọ̀kan ṣoṣo ni èèyàn lójú àwọn baba wọn, bó ti wù kó dàgbà tó. Gbogbo olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pè wọ́n ní ará oko títí ọdún fi parí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti búra pé ọmọ kankan ò ní tinú ilé àwọn jáde kó máa pe àgbà ní "ó".

Àbúrò mi dé, gbogbo ayé ló ń pè ní "ó": pásítọ̀, onílé, ìyá arúgbó òkè wa. Màmá mi fa etí rẹ̀ títí ó fi gbọ́. Nígbà tó máa fi pé ọdún kan, ológbò aládùúgbò wa pàápàá ti di "wọ́n", ó ní ológbò náà ti dàgbà. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nígbà tí mo mú ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà délé, màmá mi ní, "Ta ni àwọn èèyàn obìnrin yẹn?"

Mo ní, "Oníbàárà wa ni wọ́n, mà." Bí ẹni pé ìran kan ń jẹ́ oníbàárà.

Mo kọ ètò ti àbúrò mi dáadáa ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Mo wá hòtẹ́ẹ̀lì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi. Lọ́jọ́ tó ń lọ, màmá mi gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Obìnrin náà ti ń dúró dè é ní Éápọ́ọ̀tì. Ó ní àwọn ọmọ òun ti ṣíwájú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀ gan-an, ìwé wọlé sórí kọ̀ǹpútà mi pé wọ́n ti fagi lé yàrá náà. Mo kà á, mo sì ń mu tíì mi lọ. Ojoojúmọ́ la ń rí irú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò mi fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé gíga tí ẹ kọ yẹn, ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó. A ò tíì jáde. Ó ní tó bá yá. Ó ní kí n mú pásípọ́ọ̀tù mi wá kó má baà sọnù. Mi ò tíì rí àwọn ọmọ ẹ̀."

Màmá mi jókòó tì mí. "Ó? Ta ló ń pè ní 'ó'? Ọjọ́ mẹ́ta péré ní òkè òkun!" Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi ohùn bá a wí bó ṣe tọ́ sí ọmọ tó fẹ́ dójú ti ilé.

Ohun tí èmi gbọ́ ni pé wúyẹ́wúyẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, èdè tó kọ́kọ́ gbọ́ ló ń sá padà sí. Mo fẹ́ sọ ọ́, mi ò sọ ọ́, torí pé èmi ni mo mú obìnrin náà wálé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ní. Èmi wà lọ́jà.

Èsì rẹ̀ dé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Wọ́n ń tọ́jú mi. Wọ́n wá lánàá, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n múra. Wọ́n ní ibi tí mò ń lọ ò jìnnà."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni màmá mi wí. Inú wọn dùn. "Ọmọ mi nìyẹn."

Mo tún ohùn náà gbọ́. Obìnrin tí ẹ jọ ń gbé inú ilé kan, báwo ló ṣe tún ń "wá"? Ta ló wò ó? Mo fi ohùn ránṣẹ́ kíákíá: "Ta ni 'wọ́n' yẹn? Ṣé àǹtí yẹn ni, àbí àwọn mìíràn?" Àmì kan ṣoṣo ló hàn lára rẹ̀, èyí tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni. Èkejì, tó ń sọ pé ó ti débẹ̀, kò yọjú.

Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n padà pé. Èmi àti màmá mi dúró sí Éápọ́ọ̀tì títí èrò bàálù náà fi jáde tán. Nọ́ńbà obìnrin náà kò lọ mọ́. Ilé tó ní òun ń gbé, onílé ibẹ̀ ò mọ̀ ọ́n rí.

A lọ fi ẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gbógun ti àwọn tó ń fi èèyàn ṣòwò. Ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin tó gbà wá, ó ṣe dáadáa sí wa. Ó kọ orúkọ sílẹ̀, ó gba fọ́tò, ó wá béèrè pé, "Ẹ̀yin màmá, ṣé obìnrin yẹn nìkan ni, àbí wọ́n pọ̀?" Mo tẹ ohùn náà fún un. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó mi orí. Òun náà ò mọ̀. Ẹnì kan tí a bọ̀wọ̀ fún ni o, èèyàn mẹ́wàá ni o, "wọ́n" kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ọmọ náà ì bá fi là á yé wa, a ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, màmá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn náà títí a fi délé.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Èmi ò kọ "ẹ sinmi létí omi" fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀gá mi bínú, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn. Láàárọ̀ àná, màmá mi ní kí n tẹ fóònù fún àwọn kí àwọn lè fi ohùn ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Wọ́n gbé e sún mọ́ ẹnu, wọ́n sì fi ohùn Èkìtì sọ̀rọ̀, èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Wọ́n ní ọmọ àwọn, bó bá jẹ́ ẹnì kan ni, kó pè é ní "ó". Bí wọ́n bá pọ̀, kó sọ iye tí wọ́n jẹ́. Wọ́n ní kó pe àwọn gan-an ní "ìwọ" bó bá wù ú, kó ṣáà ti pe àwọn.

Láàárọ̀ yìí, mo tún wo fóònù náà. Àmì kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀.