Òróró Tí Mo Yọ́ Nígbà Ọyẹ́

Láàárọ̀ òní, kí n tó bọ́jú tán, èéfín èèpo àgbọn gba ojú fèrèsé wọlé. Aládùúgbò wa ní Mówó ló ń dáná lẹ́yìnkùlé, torí gáàsì ti wọ́n ju agbára rẹ̀ lọ. Èéfín igi máa ń ta ni lójú, ṣùgbọ́n ti èèpo àgbọn yàtọ̀, ó máa ń dùn nímú díẹ̀, bí ẹni pé ṣúgà ń jóná nínú rẹ̀. Ọyẹ́ mú gan-an. Ọmọ mi kékeré ṣì ń sùn. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí mò ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó gbóná. Ó gbóná, ó tiẹ̀ fi ta mí nípàá. Síbẹ̀ mi ò lè dìde, torí èéfín yẹn ti gbé mi padà sí Gberefu.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ oníyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Bí a bá sùn, òkun a máa hó lápá kan, ọ̀sà a dákẹ́ lápá kejì. Ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ ojú omi kò lè dé Àgbádárìgì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, gbogbo nǹkan sì gbẹ. Kò sí kẹrosíìnì, kò sí epo fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì òdìkejì ọ̀sà sì ti yanṣẹ́ lódì. Ojoojúmọ́ ni rédíò ń sọ pé kí a ṣe sùúrù. Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, a sì dá rédíò lóhùn pé, "Ṣé sùúrù ni wọ́n ń tà nílé epo báyìí?"

Àárín ọyẹ́ yẹn ni ìyá mi bí àbúrò mi ọkùnrin, nígbà tí oyún rẹ̀ kò ju oṣù méje lọ. Bàbá mi ti bá àwọn apẹja lọ sí ìhà Kútọnu, kò tíì dé. Orí ọmọ náà kò tóbi ju ọsàn lọ. Awọ rẹ̀ pupa, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé a ń rí iṣan abẹ́ rẹ̀. Kò lè sunkún, ńṣe ló ń dún bí ọmọ ológbò. Àwọn tó wá kí wa kì í pẹ́, wọn kì í sì í wo ojú ìyá mi. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lójúde pé, "Ẹ má tíì wá orúkọ fún un o." Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti kí obìnrin yẹn dénú mọ́.

Màmá àgbà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Òtútù ló máa kọ́kọ́ fẹ́ pa á, kì í ṣe ebi. Ooru tó fi sílẹ̀ nínú ìyá ẹ̀, àwa la máa wá a fún un." Ó wá ìgò mẹ́ta tó nípọn, ó rọ omi gbígbóná sí wọn, ó fi àkísà wé wọn, ó sì tò wọ́n yí ọmọ ká nínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi òwú tẹ́. Kì í jẹ́ kí a da omi híhó sínú ìgò tútù. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣàn án, kí ara rẹ̀ lè mọ́ra. Ó ní ìgò tí a bá dẹ́rù bà lójijì ló ń fọ́. Iná èèpo àgbọn kò sì gbọdọ̀ kú. Èmi ni mo ń ṣọ́ ọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ ló gbé ìgò òróró àgbọn kékeré kan sí. Òun fúnra rẹ̀ ló sè é, bí àwọn obìnrin Gberefu ti ń ṣe, kò sì sí ọmọdé kan níbẹ̀ tí kò mọ ìwà òróró àgbọn. Bí ibi tó wà bá lọ́wọ́ọ́rọ́, á mọ́ bí omi. Bí òtútù bá mú un, á funfun, á sì dì bí ọ̀rá ẹran. A ò ní ohun èlò kankan tí a lè fi mọ bí yàrá ṣe gbóná tó. Òróró ni tiwa.

"Ovi ṣie," Màmá àgbà pè mí lédè Ègùn, ìyẹn ọmọ mi, "ṣé o rí òróró yìí? Má jẹ́ kó funfun. Tó bá ti funfun, wàhálà dé nìyẹn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá àgbà lọ sétí ọ̀sà láàárọ̀ kùtù, kó lọ bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ bóyá ẹnì kan ṣẹ́ epo kù tó lè gbé wa sọdá. Ibà ń ṣe ìyá mi, oorun rẹ̀ wúwo. Mo bojú wo òróró, mo sì rí i tí funfun kan ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ìgò bí ìkùukùu. Mo gbé ìgò náà, mo sáré lọ sídìí ààrò, mo ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná títí ìkùukùu náà fi túká. Mo gbé e padà sáyè rẹ̀, mo mí kanlẹ̀. Kò pẹ́, ó tún funfun. Mo tún gbé e lọ. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo lọ tí mo bọ̀, tí mò ń bẹ òróró pé kó jọ̀ọ́. Ìgò omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tutù lọ níbi tí wọ́n wà, mi ò rántí wọn. Òróró ni mò ń tọ́jú, mo gbàgbé ọmọ.

Màmá àgbà dé, kò rí ọkọ̀. Òróró ló kọ́kọ́ wò. Ó mọ́ kedere. "Ọmọ dáadáa," ó ní, ó sì jókòó kó lè na ẹsẹ̀. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n kò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ẹsẹ̀ ọmọ tutù bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde lọ́sà. Ètè rẹ̀ ti ń dà bí aró. Ó gbé ìgò òróró, ó rí èédú nídìí rẹ̀.

"Kí lo fi èyí ṣe?"

"Mo yọ́ ọ ni, mà. Ẹ ní kí n má jẹ́ kó funfun."

Mo ti di ojú de ìgbájú. Ìyá mi ti jí, ó ń ké pe Jésù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí Màmá àgbà gbé wá sí mi, àyà mi ló fi kàn. Ó fi kan tara rẹ̀, ó fi kan ti ìyá mi tí òógùn tútù ti bò.

"Atẹ́gùn ọ̀sà ti wọ èmi lára, ìyá rẹ ń gbọ̀n. Ìwọ tó ń yáná láti àárọ̀, ara rẹ ló gbóná jù nínú ilé yìí. Bọ́ra!"

Ó gbé ọmọ náà lé mi láyà ní ìhòòhò, ó fi ìró dè wá pọ̀, ó sì fi mí jókòó nídìí ààrò. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé omi dídì lé mi. Mo ń mọ̀ ọ́n lára bí ooru mi ṣe ń kúrò, tó ń lọ bá a. Bó bá mí lẹ́ẹ̀kan, màá dúró, màá dúró, èmi náà kò ní mí, kí n lè gbọ́ èyí tó kàn. Mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé mi ò ní jí àgbọn jẹ mọ́ láé. Ó jì mí, mi ò mú un ṣẹ.

Òòrùn ti ń ga nígbà tí nǹkan gbígbóná kan ṣàn lọ sí ikùn mi. Mo figbe ta pé ẹ̀jẹ̀ ni. Màmá àgbà tú ìró wò.

"Ìtọ̀ ni! Ẹ wá wò ó, ó gbóná! Kò tíì pẹ́ tó kó dé ilé tuntun, ó ti bà á jẹ́!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ yẹn sunkún, ẹkún ọmọ èèyàn.

Oṣù méjì ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń gbé e láyà, tí a ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Ilé ìwé girama ni mo wà kí olùkọ́ tó kọ ọ́ sójú pátákó pé ibi tó gbóná ni ooru ti ń lọ síbi tó tutù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dà á kọ. Èmi ń làágùn. Màmá àgbà ti lọ. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì pọ̀ lójú ọ̀sà báyìí, wọ́n sì ní àpótí onígíláàsì wà níléèwòsàn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ohun tí mo gbọ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ fún àwọn ìyá ni pé kí wọ́n gbé ọmọ sáyà.

Àbúrò mi ti di géńdé, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Kérésì tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lè sọ fún un pé èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó jẹ oúnjẹ ẹnu rẹ̀ tán kó tó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe ń fi kúbùsù ránṣẹ́ sí mi lọ́dọọdún? Mẹ́jọ ló wà nílé, ooru sì fẹ́ pa mí!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ti ra ẹ̀kẹsàn-án. Ó nípọn ju àwọn tó kù lọ.