Kapasítọ̀ Tí Wọ́n Bá Mi Yọ

Ní yàrá wa ní Kinkinau ni ọkọ mi ti tún dùùrù oníná àtijọ́ kan ṣe. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó ń darí bí ohùn ṣe ń gòkè, bó ṣe ń dúró, àti bó ṣe ń kú. Kapasítọ̀ kan ló ń gba iná pamọ́ níbẹ̀. Bí o bá tẹ nóòtù kan, tí o sì gbé ọwọ́ kúrò, iná á máa jò jáde díẹ̀díẹ̀, ohùn á sì máa relẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọkọ mi fi kapasítọ̀ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo ní ohùn náà ti ń pẹ́ jù. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó mi, kí ló ń kán an lójú?”

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, ojoojúmọ́ ni mo máa ń tẹ nóòtù kan, n ó gbé ọwọ́, n ó sì jókòó tì í títí yóò fi dákẹ́.

Nígbà tó yá, wáyà iná dùùrù náà já. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan ní Kawo pé kó bá mi so ó. Wáyà nìkan! Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀rín ló fi pàdé mi.

“Mama, an gyara!”

Ó ní òun ti tún un ṣe, pé ẹnì kan tí kò mọṣẹ́ ló fi kapasítọ̀ tí kò yẹ síbẹ̀, òun sì ti fi èyí tó tọ́ rọ́pò rẹ̀.

Tí kò mọṣẹ́, kẹ̀! Ta ló rán an níṣẹ́? Mo bi í pé èyí tó yọ dà. Ó ní òun ti gbá a dànù.

Mo tẹ nóòtù náà. Mi ò tíì gbé ọwọ́ tán tí ohùn rẹ̀ ti lọ.